Ṣé ká dáwó ra ẹ̀rọ tó ń lọ ike, àbí ká fi í sílẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ lándìlọ́ọ̀dù àdúgbò wa lọ́nà Kámpù, l'Abẹ́òkúta níbí. Ọkùnrin kan wá bá wa ní mítìǹ, ó ní circular economy ló wà lóde báyìí, pé ìdọ̀tí ti dowó, ká dáwó ra ẹ̀rọ tó ń lọ ike, owó tó bá tibẹ̀ wá la ó fi ṣe gọ́tà tá a ó sì fi da ọ̀dà sójú títì. Àwọn kan ti ń kówó bọ̀, àwọn kan ní àwọn ò gbà. Kí lẹ rí sí i?

ÌDÁHÙN: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú akitiyan àdúgbò. Gbogbo ọ̀rọ̀ ọkùnrin yẹn kọ́ nirọ́, àmọ́ ẹ ní kí àwọn tó ń kówó bọ̀ dáwọ́ dúró ná.

Ohun tí circular economy ń sọ ò ju pé ká má máa lo nǹkan lẹ́ẹ̀kan ká sọ ọ́ nù, ká tún un ṣe, ká tún un lò, èyí tó bá ti bàjẹ́ pátápátá ká yọ́ ọ ká fi ṣe òmíràn. Àwa náà sì ti ń ṣe é tipẹ́, ṣebí fọkanáìsà, wẹ́dà, àwọn tó ń ta òkìrìkà àti àwọn tó ń ti ọmọlanke kiri ra kọ́ńdẹ́ẹ̀mù, iṣẹ́ yẹn náà ni. Ẹ wo agolo móòtù, kì í pẹ́ nílẹ̀ kí ẹnìkan tó ṣà á, torí iná tí wọ́n fi ń yọ́ àlòkù álúmíníọ̀mù ò ju nǹkan bí ìdá 5 nínú 100 èyí tí wọ́n fi ń ṣe tuntun, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń wá a bí owó. Ọ̀rá pure water ńkọ́? Inú gọ́tà ló ń sùn. Ẹ ṣà á kún àpò kan kẹ́ ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n, ẹ máa rí i pé yanrìn àti omi tó wà nínú ẹ̀ ló wúwo jù, tẹ́ ẹ bá wá fọ̀ ọ́ tẹ́ ẹ sá a gbẹ, owó ọkọ̀ tó máa gbé e débi tí wọ́n ti ń rà á lè ti jẹ èrè tán. Ike náà kì í sì í ṣe irin, bí wọ́n ṣe ń yọ́ ọ lágbára ẹ̀ ń dín kù. Nínú gbogbo ike tí aráyé ti sọ nù títí di 2015, nǹkan bí ìdá 9 nínú 100 péré ni wọ́n tún lò.

Torí náà ẹ bi í: ta ló fẹ́ rà á lọ́wọ́ wa, èló ni kílò kan, báwo ló ṣe gbọ́dọ̀ mọ́ tó, ta ni yóò máa ra dísù, ibo ni omi tá a fi fọ ike máa ṣàn gbà? Tí ò bá lè mú yín lọ bá oníbàárà kan lójúkojú, ẹnu dùn-ún ròfọ́ lásán ni o.

Ibi tí mo ti rí nǹkan gidi ni ìdọ̀tí tó ń jẹrà. Ẹ dé Kútọ̀ tàbí Lafẹ́nwá nírọ̀lẹ́ ọjọ́ ọjà kẹ́ ẹ wo ilẹ̀: háhá àgbàdo, èèpo ọsàn, èèpo iṣu, ẹ̀fọ́ tó ti rọ. Irú nǹkan báyìí ló ju ìdajì lọ nínú ìdọ̀tí ìlú wa, òun náà ló ń ba ike àti páálí tó yẹ ká rí tà jẹ́. Èèpo ẹ̀gẹ́, wọ́n ti ṣe é ní ILRI, ilé ìwádìí nípa ẹran ọ̀sìn tó wà n'Ìbàdàn, wọ́n ń rin ín, wọ́n ń fún un, wọ́n ń sá a, nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 3 tútù á di tọ́ọ̀nù 1 oúnjẹ ẹran. Ìyókù ẹ kó o jọ, ẹ pò ó mọ́ ewé gbígbẹ tàbí ìyẹ̀fun pákó láti ibi tí wọ́n ti ń lagi, ẹ máa yí i. Tó bá gbóná dé 55°C fún ọjọ́ mélòó kan, kòkòrò àrùn inú ẹ̀ á kú. Tó bá ń rùn, omi ti pọ̀ jù nìyẹn, ẹ fi gbígbẹ sí i. Àwọn àgbẹ̀ pọ̀ lọ́nà Kámpù yẹn, FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ yẹn, náà ò jìnnà, ẹ máa rí ẹni gbà á. Ẹ má retí owó ńlá o, èrè ibẹ̀ ni pé ohun tẹ́ ẹ ń sanwó pé kí wọ́n kó lọ á dín kù.

Gọ́tà àti títì tí ọkùnrin yẹn ṣèlérí gan-an ni mi ò gbà. Bí ẹnìkan bá ní ká máa fi àlòkù kọ́ nǹkan, òótọ́ ni pé Amsterdam nílẹ̀ Netherlands kéde ní 2020 pé àwọn fẹ́ dín ohun èlò tuntun tí ìlú ń lò kù sí ìdajì tó bá fi máa di 2030, àmọ́ ìlú tí wọ́n ti kọ́ tán tipẹ́ nìyẹn, bí wọ́n bá wó ilé kan wọ́n lè fi èyí tó jáde níbẹ̀ kọ́ òmíràn. Abẹ́òkúta ṣì ń gbòòrò, ilé tá à ń kọ́ pọ̀ ju èyí tá à ń wó lọ fíìfíì, kò sí bí búlọ́ọ̀kù àfọ́kù ṣe fẹ́ tó o kọ́, ẹ lè fi dí kòtò ojú ọ̀nà sha, yanrìn àti òkúta tuntun la ṣì máa wà. Gọ́tà, owó ìjọba ló ń ṣe é, ẹ má jẹ́ kí ike gba ìjọba sílẹ̀ lọ́wọ́ ojúṣe wọn.

Ohun kan tún wà. Kì í ṣe gbogbo àtúnlò ló dáa. Ní Ògíjó, nínú ìpínlẹ̀ wa yìí kan náà, níbi tí wọ́n ti ń yọ́ bátìrì ọkọ̀ àtijọ́, májèlé òjé wọ ẹ̀jẹ̀ àwọn ará àdúgbò. Bátìrì ò gbọ́dọ̀ wọ inú ètò yín rárá, ẹ má sì jẹ́ kí àwọn ọmọ máa sun wáyà nítorí kọ́pà.

Tó bá jẹ́ èmi ni yín, máa mú títì kan péré, ilé kọ̀ọ̀kan bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì, ọ̀kan fún ohun tó ń jẹrà, ìkejì fún gbígbẹ bí ike, páálí àti agolo, oṣù mẹ́ta. Kí ẹnìkan máa wọn ọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Tí gbígbẹ yẹn bá tó nǹkan tẹ́ ẹ sì ti rí oníbàárà, ẹ tà á fún ẹni tó ti ní ẹ̀rọ. Ọ̀rọ̀ ká ra tiwa, ó dìgbà tẹ́ ẹ bá ti mọ iye kílò tí títì yẹn ń mú wá lóṣù.