Ṣé a lè yọ ìlù kúrò nínú orin tí a ti gbà sílẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Èmi ni olórí ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa. A lọ gba orin sílẹ̀ ní sítúdíò. Orin náà dùn, ṣùgbọ́n ìlù kò dún bó ṣe yẹ, kick (ìlù ńlá tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ lù) kò jinlẹ̀ rárá. Mo gbọ́ pé wọ́n máa ń pààrọ̀ ìlù nínú orin rọ́ọ̀kì àtijọ́ láìjẹ́ kí ará ìta mọ̀. Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é? Ṣé tiwa náà ṣeé ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Ó ṣeé ṣe, bí wọ́n bá gba ìlù yín sórí tíráàkì tirẹ̀, ìyẹn ìlà tó ń gba ohùn kan sílẹ̀ lọ́tọ̀. Ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ bi sítúdíò nìyẹn. Bí gbogbo yín bá jọ wà nínú yàrá kan, ariwo cymbal (àwo irin ìlù) á ti wọ máìkì akọrin, kick á ti wọ máìkì jìtá. Ẹ lè pa tíráàkì ìlù, ìlù ò ní tán nínú orin.

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé, láyé ọjọ́un, ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ ìlù á tún gbogbo orin náà gbà ni. Ẹ wo "Love Me Do" ti àwọn Beatles, ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1962, ní sítúdíò EMI ní London. Téèpù wọn kò ju tíráàkì méjì lọ. Onílù mẹ́ta ló lu orin yìí: Pete Best ní oṣù kẹfà, Ringo Starr ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹsàn-án, Andy White, onílù àgbàṣe, ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kan náà. Lọ́jọ́ tí White lù ú, tambourine (ìlù ọwọ́ onísaworo) ni wọ́n gbé lé Ringo lọ́wọ́. Ohun tí mo fi ń dá ẹ̀dà Ringo àti ti White mọ̀ nìyẹn: tí ẹ bá ti gbọ́ tambourine, White ló wà nídìí ìlù. Ti Ringo ló kọ́kọ́ jáde nínú àwo kékeré, ti White ni wọ́n kó sínú àwo ńlá.

Nígbà tó fi máa di 1980, téèpù ti fẹ̀ tó tíráàkì 24. Kick ní tirẹ̀, snare (ìlù kékeré tí wọ́n ń fi ọ̀pá lù) ní tirẹ̀. Nígbà náà ni pípààrọ̀ gan-an wá rọrùn. Ní 2002, lẹ́yìn aáwọ̀ lórí owó orin, wọ́n tún "Blizzard of Ozz", àwo tí Ozzy Osbourne, olórin rọ́ọ̀kì, gbà sílẹ̀ ní 1980, gbé jáde: wọ́n yọ ìlù Lee Kerslake àti béèsì Bob Daisley, Mike Bordin àti Robert Trujillo sì lu tuntun rọ́pò wọn. Inú bí àwọn olólùfẹ́ orin náà gan-an, mo sì wà lẹ́yìn wọn. Ìlù Kerslake ni Randy Rhoads, onígìtá Ozzy, fi etí sí nígbà tó ń ta jìtá rẹ̀, Rhoads sì ti kú láti 1982. Ta ló fẹ́ tún un ta? Ní 2011, wọ́n dá ti àtijọ́ padà.

Nítorí náà, mi ò ní yọ ìlù onílù yín. Màá fi òmíràn tì í lẹ́yìn. Kọ̀ǹpútà á máa wá ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kan kick, á sì fi ohùn kick tó jinlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ gẹ́lẹ́. Ẹ jẹ́ kí ibi tó rọra lù ṣì máa rọra dún. Ẹ tún wo ìgbì ohùn méjèèjì lójú kọ̀ǹpútà: bí ọ̀kan bá ń gòkè níbi tí èkejì ti ń sọ̀, wọ́n á máa pa ara wọn, kick á sì fúyẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ yí ọ̀kan padà kí wọ́n lè jọ gòkè.

Tí ẹ bá tún fẹ́ gba òmíràn, yàrá ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Ìlù John Bonham nínú "When the Levee Breaks" ti ẹgbẹ́ Led Zeppelin, 1971, ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn ní Headley Grange, ilé ńlá àtijọ́ kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n gbé e sí. Andy Johns, ẹni tó ń gba ohùn wọn sílẹ̀, fi máìkì méjì kọ́ sókè lórí àtẹ̀gùn náà, gbọ̀ngàn ló gbé ìlù jáde bẹ́ẹ̀.

Ní báyìí ná, ẹ ní kí sítúdíò fún yín ní fáìlì WAV (ohùn tí wọn kò fún pọ̀) ti tíráàkì kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó pa wọ́n rẹ́. MP3 orin tó ti parí kò lè ṣe iṣẹ́ yìí.