"Ẹ̀sọ̀ layé": kí ni àwọn àgbà Kétu ń sọ gan-an?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ Kétu ni mí, ṣùgbọ́n Kútọnu ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ìgbàkígbà tí mo bá lọ kí ìyá àgbà wa nílé, kí n tó jókòó dáadáa ni mo ti ń wo aago. Wọ́n á ní, "Rọra o, ẹ̀sọ̀ layé." Ṣé ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí n padà wá jókòó sílé? Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní ọ̀rọ̀ àwọn tó ti fẹ̀yìn tì ni, pé ẹni tó ń wá owó kò lè fẹ̀sọ̀ ṣe é. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Ìdáhùn: Àbúrò mi, o ṣeun tí o béèrè. Ìyá àgbà kò ní kí o fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ní Kétu wa yìí, àwọn tó ń sọ ọ̀rọ̀ yìí jù lọ ni àwọn tó ń jí kí àkùkọ tó kọ, tí oko tàbí ọjà kì í bọ́ lọ́wọ́ wọn. Aago tí ò ń wò lọ́dọ̀ wọn ni wọ́n ń bá ọ wí. Ara rẹ dé Kétu, ọkàn rẹ ṣì wà lójú títì Kútọnu, wọ́n sì ti rí i.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ ya ẹ̀sọ̀ kúrò lára ọ̀lẹ, nítorí ibẹ̀ ni àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ti ṣì í gbọ́. Ọ̀lẹ kì í fẹ́ fọwọ́ kan iṣẹ́. Ẹni tó ń fẹ̀sọ̀ ṣe é fọwọ́ kàn án, ó tún fojú sí i. Àwọn àgbà ní, "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko." Nǹkan wà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì, bí wọ́n ṣe dì í mú ló yàtọ̀. Ìgbín tí wọ́n ní ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ló fi ń gun igi, ó ń gun igi ni, kò sùn sí ìdí ẹ̀. Wọ́n tún máa ń sọ pé bí a bá rọra pa èèrà, a ó rí ìfun inú rẹ̀. Èyí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn, nítorí ó sọ èrè tó wà nínú ẹ̀sọ̀: ẹni tó rọra ni ojú rẹ̀ ń tó ohun tó kéré. Ẹni tó ń sáré kọjá kò ní mọ̀ láé pé èèrà ní ìfun.

Ó ku ayé. Lẹ́nu wa, ayé ju ilẹ̀ tí a ń tẹ̀ lọ. Ayé ni àwọn ènìyàn tó yí wa ká, ayé sì tún ni àwọn ìyá wa, àwọn àgbà obìnrin tí a gbà pé agbára tí ojú kò rí wà ní ìkáwọ́ wọn, tí wọ́n lè fi tún ilé ṣe tàbí kí wọ́n fi tú u ká. Agbára bẹ́ẹ̀ kò ṣe é fipá kojú. À ń gẹ̀ ẹ́ ni, à ń ṣe é jẹ́jẹ́, à ń mú inú rẹ̀ dùn. Nítorí náà, nígbà tí àgbà Kétu bá ní ẹ̀sọ̀ layé, ìkìlọ̀ wà níbẹ̀: ayé ṣẹlẹgẹ́, má fi wàǹwàrà gbé e. Ayọ̀ náà wà níbẹ̀, nítorí ijó, orin àti ẹ̀rín ni Kétu fi ń gẹ̀ àwọn ìyá. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ nìyẹn.

Ìtàn Ifá kan sọ pé nígbà tí Yewájọbí, ìyá gbogbo òrìṣà, ń wá ọmọ tí kò rí, ó tọ Ifá lọ. Ifá ní kó rúbọ, kó gbé ère lé orí, kó so irin mọ́ ẹsẹ̀, kó sì jó. Ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ó bí ọkùnrin, wọ́n ń pè é ní Ẹ̀fẹ̀ nítorí aláwàdà ni; ó bí obìnrin, wọ́n ń pè é ní Gẹ̀lẹ̀dẹ́ nítorí ó sanra. Nígbà tí àwọn náà dàgbà tí wọ́n ń wá ọmọ, ijó kan náà ni wọ́n lọ jó. Mo máa ń rò ó pé ẹni tí ìdààmú bá, tí ọkàn rẹ̀ ń sáré kiri, Ifá kò ní kó sáré sí i. Ó ní kó jó.

Mo fẹ́ kí o mọ bí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ṣe ń pẹ́ kó tó jáde, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìyá àgbà ti hàn jù. Lẹ́yìn ìkórè ló sábà máa ń wáyé, nígbà tí ọwọ́ bá ti dilẹ̀ díẹ̀. Agbẹ́gilére á ti gbẹ́ ère orí. Igi ọmọ ni wọ́n fẹ́ràn láti fi gbẹ́ ẹ, torí ó fúyẹ́. Àwọn akọrin á ti máa kọ́ orin. Bí alẹ́ bá wá lẹ́, Ọ̀rọ̀ Ẹ̀fẹ̀, agọ̀ tó ń kọrin, á jáde, á kọrin mọ́jú: á júbà àwọn ìyá, á súre fún ìlú, á fi ẹni tó hùwà àbùkù ṣẹ̀sín níṣojú gbogbo ènìyàn. Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni ijó. Àwọn ọmọdé tí ẹsẹ̀ wọn kò tíì gún ló ń kọ́kọ́ jó, àwọn èèyàn á máa rẹ́rìn-ín, wọ́n á máa pàtẹ́wọ́ fún wọn. Àwọn tó dáńtọ́ ló ń kẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó ń lé ọmọdé kúrò lójú agbo pé kó yára fún àgbà láyè.

Bí o bá débẹ̀, wo aṣọ tó wà lára oníjó dáadáa. Ọkùnrin ni, ṣùgbọ́n gèlè àti ọ̀já àwọn obìnrin ni wọ́n fi wé e láti àyà dé ìdí, ọ̀kan lórí èkejì, aláwọ̀ oríṣiríṣi. Wọ́n yá wọn ni. Ọ̀já tí o rí láyà rẹ̀ yẹn, ìyá kan ló fi pọn ọmọ, ó fọ̀ ọ́, ó ká a, ó sì gbé e fún wọn. Bí ijó bá parí, wọ́n á dá a padà fún un, á tún lọ fi í pọn ọmọ. Mi ò mọ ẹ̀kọ́ kan lórí ìwọ̀ntúnwọ̀nsì tó dáa ju èyí lọ. Ìran tó dùn jù ní ìlú wa, aṣọ tó ti wà nílé tẹ́lẹ̀ la fi ń ṣe é.

Lẹ́yìn náà, tẹ́tí sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Irin wà ní ọrùn ẹsẹ̀ méjèèjì. Ìyá ìlù á sọ̀rọ̀, irin ẹsẹ̀ á sọ ohun kan náà lẹ́ẹ̀kan náà. Oníjó tó bá kánjú, ẹsẹ̀ rẹ̀ á ṣáájú ìlù, gbogbo ọjà á sì gbọ́ ọ. Èyí tó bá lọ́ra, wọ́n á gbọ́ tirẹ̀ náà. Ìgbà tí ẹsẹ̀ àti ìlù bá balẹ̀ pọ̀ gẹ́lẹ́ ni ariwo ayọ̀ máa ń sọ. Ijó yẹn yá o, òógùn ń bọ́ lára ẹni tó ń jó o, síbẹ̀ ẹ̀sọ̀ ló ń ṣe. Ìyẹn ni mo fẹ́ kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ gbọ́. Ẹ̀sọ̀ lè yára, bí ọkàn ẹni bá ti wà níbi tí ẹsẹ̀ ẹni wà.

Ní ọdún 2001, àjọ UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ́gẹ́ bí ogún ìran ènìyàn tó yẹ ní pípamọ́, ó sì wọ inú ìwé àkọsílẹ̀ wọn ní 2008, lórúkọ Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò. Ọ̀rọ̀ ẹnu inú rẹ̀ ni wọ́n dárúkọ ní pàtàkì. Ṣùgbọ́n tipẹ́tipẹ́ ni àwọn baba wa ti ní ojú tó ti wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti dé òpin ìran.

Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé ẹ̀sọ̀ layé yìí, ọ̀rọ̀ àwọn tí ayé rọ̀ lọ́rùn ni. Ní 1886, ogun Dàhómì fọ́ Kétu. Wọ́n kó àwọn ènìyàn lẹ́rú, ìlú di ahoro. Ó di ìgbà tí àwọn Faransé ṣẹ́gun Dàhómì kí àwọn tó ṣẹ́kù tó lè padà, ní nǹkan bí 1893, láti tún ìlú tò. Àkàbà Ìdènà, ẹnu bodè àtijọ́ tó ṣì wà títí dòní, ṣojú gbogbo rẹ̀. Àwọn tó padà wá yẹn, ọwọ́ òfìfo ni wọ́n fi wá. Wọ́n kọ́lé, wọ́n dáko, wọ́n tún gbé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ jáde. Àwọn yẹn ló bí àwọn tó bí ìyá àgbà rẹ. Ẹni tó ti ọ̀dọ̀ irú wọn gbọ́ ẹ̀sọ̀ layé kò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tí nǹkan ò ṣe rí.

Nínú ilé lásán náà, ẹ̀sọ̀ pọ̀. Ṣé o ti jókòó ti ẹni tó ń ṣe ẹ̀kọ rí? Wọ́n á rẹ àgbàdo fún bí ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á fi ògì sílẹ̀ títí omi orí rẹ̀ á fi tòrò. Ẹ̀rọ ló ń lọ àgbàdo báyìí, kò sì burú, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rọ tó lè ní kí omi ògì tòrò kíá. Nígbà tó bá dórí iná, ọwọ́ kò ní kúrò lára orógùn. Ìyá tó ń ro ó kò wo aago kankan. Bó ṣe ń wúwo mọ́ ọn lọ́wọ́ àti bó ṣe ń hó ló fi ń mọ̀ pé ó ti jiná. Bó ṣe ń ṣe é ló ń bá ìyàwó ilé kejì tàkúrọ̀sọ, ló ń dá orin, ló ń dá ọmọ tó ń bẹ́ kiri lẹ́kun. Inú rẹ̀ kò dúró de ìgbà tí ẹ̀kọ bá délé ọjà tí owó sì wọlé kó tó dùn.

Ní ti owó tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ń sọ, wá a, má ṣọ̀lẹ. Àmọ́, ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Bí mo ṣe ń wò ó, oúnjẹ kọ́ ló ń lé ọ̀pọ̀ wa títí èémí fi ń tán. Aṣọ ẹbí ni, èyí tí a kò ní owó rẹ̀, tí a lọ yá owó rà, tí a wọ̀ lẹ́ẹ̀kan, tí a sì wá ń fi ọ̀pọ̀ oṣù san gbèsè rẹ̀. Ó máa ń dùn mí bí mo bá rí ọ̀dọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀ báyẹn. Ẹni tó bá gbé níwọ̀n ara rẹ̀ ní àyè. Ó lè dúró lójú ọ̀nà kí ènìyàn, kó sì gbọ́ èsì. Èdè wa gan-an ti fi àyè sílẹ̀ fún un. A ní ẹ kú iṣẹ́ fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́, a sì ní ẹ kú ìjókòó fún ẹni tí kò ṣe nǹkan kan ju pé ó jókòó sábẹ́ igi lọ, torí àwọn tó dá ìkíni yẹn sílẹ̀ gbà pé jíjókòó ní iyì tirẹ̀.

Ẹ̀sọ̀ ní ààlà o. Bí ilé bá ń jó, tàbí tí ara ọmọ bá gbóná lóru, sáré. Aránṣọ tó gba aṣọ ọdún lọ́wọ́ rẹ, tí kò rán an títí ọdún fi kọjá, tó wá ń sọ pé ẹ̀sọ̀ lòun fi ń ṣe é, irọ́ ló ń pa. Ìyà ló fi jẹ ọ́. Nínú eré Ẹ̀fẹ̀ pàápàá, agọ̀ kan wà tó máa ń ṣáájú Ọ̀rọ̀ Ẹ̀fẹ̀ jáde, òun ló ń pè é síta. Tètèdé ni wọ́n ń pe agọ̀ náà. Mo gbà pé àwọn tó sọ ọ́ lórúkọ yẹn mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, torí ẹni tó bá tètè dé ni kì í kánjú.

Fún ìwọ tó wà ní Kútọnu, kò dìgbà tí o bá kó ẹrù padà sílé. Jẹun lórí ìjókòó, kí fóònù wà níbòmíràn. Bí o bá ń lọ sí Kétu, má ṣe lọ lọ́sàn-án kí o fẹ́ padà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà, sùn síbẹ̀. Jókòó ti ìyá àgbà, kí o bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n kọ orin Ẹ̀fẹ̀ tí wọ́n mọ̀ fún ọ, torí ọ̀pọ̀ irú orin bẹ́ẹ̀ kò sí nínú ìwé kankan. Bí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ bá ń bọ̀, dé ní alẹ́ Ẹ̀fẹ̀, má dúró di ọ̀sán ọjọ́ kejì kí o tó wá ya fọ́tò. Bí wọ́n bá sì béèrè bóyá gèlè tàbí ọ̀já tó dáa wà nílé yín tí oníjó lè yá, mú un wá.