Ẹ má jẹ́ kí bàbá dá oògùn stent dúró nítorí eyín

Ẹ kú ìtọ́jú bàbá o. Ẹ ní oṣù mẹ́ta rèé tí wọ́n ti fi stent, irin híhun bíńtín tó ń gbé iṣan dúró, sí iṣan ọkàn wọn, ara ti yá, àfi eyín kan tó ń dà wọ́n láàmú, dókítà eyín sì ní kí wọ́n dá oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì dúró kó tó yọ ọ́. Èmi náà ní stent láyà. Kí wọ́n má dá a dúró, àfi bí dókítà ọkàn fúnra rẹ̀ bá sọ bẹ́ẹ̀.

Wẹ́rẹ́ tí iṣẹ́ fífi stent yẹn ń rí ló ń tan èèyàn. Ní Èkó tí wọ́n ti ṣe tèmi, wọn ò la àyà mi, ojú mi sì là kedere. Wọ́n pa ọrùn ọwọ́ mi kú, wọ́n ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ gba inú iṣan títí dé ọkàn. Nígbà tí wọ́n fẹ́ bàlúùnù níbi tó fún, àyà dùn mí díẹ̀, ó sì lọ. Andreas Grüntzig ló kọ́kọ́ fi bàlúùnù la iṣan ọkàn aláìsàn báyìí, ní Zurich, lọ́dún 1977. Kò sí stent nígbà yẹn, iṣan ọ̀pọ̀ èèyàn sì ń fún padà láàárín oṣù díẹ̀. Ìyẹn ni wọ́n ṣe wá ń fi irin híhun bíńtín yìí gbé ibẹ̀ dúró.

Ṣùgbọ́n àjèjì ni irin nínú iṣan. Ẹ̀jẹ̀ lè dì mọ́ ọn títí awọ inú iṣan yóò fi hù bò ó. Èyí tí wọ́n fi oògùn kùn, tó wọ́pọ̀ jù nísinsìnyí, kì í tètè rí awọ bò ó, torí oògùn ara rẹ̀ ló ń fa híhù náà sẹ́yìn. Ni wọ́n ṣe ń fúnni ní aspirin àti clopidogrel pọ̀, oògùn méjì tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, oṣù 6 sí 12 lọ́pọ̀ ìgbà; aspirin sábà máa ń di ti títí ayé. Bí stent bá dí lójijì, ó lè pa èèyàn kó tó dé ilé ìwòsàn.

Nígbà tí mo padà sí Iléṣà, àǹtí wa kan gbé àgbo dé láti ọjà Atákúmọ̀sà, ó ní ó ń fọ iṣan. Mo dúpẹ́, mo gbé e sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ta ló mọ ohun tó lè bá clopidogrel ṣe?

Eyín tèmi náà dé. Mo pe dókítà ọkàn lórí fóònù níwájú dókítà eyín, àwọn méjèèjì jọ sọ ọ́. Wọ́n yọ ọ́ láìdá oògùn kankan dúró, wọ́n rán ojú rẹ̀, mo sì di òwú mẹ́yín pẹ́ díẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ dá. Ti bàbá yín lè yàtọ̀, wọ́n lè ní kí eyín náà ṣì ní sùúrù.

Bí erìgì bá ń ṣẹ̀jẹ̀ díẹ̀ tí wọ́n bá ń fọ ẹnu, ẹ sọ ọ́ ní ọjọ́ ìpàdé dókítà. Bí ìgbẹ́ bá dúdú bí ọ̀dà ńkọ́, tàbí tí wọ́n bá bi ẹ̀jẹ̀, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ gbé wọn lọ.

Wọ́n á ti fún wọn ní káàdì stent. Kí wọ́n mú un dání lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín, kí ẹ sì ya fọ́tò rẹ̀ sórí fóònù tiyín.