Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Kéréfíṣì Tó Ṣọ̀wọ́n Kì í Ṣe Ẹran Pọ́ńdì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Mo ń sin ẹja àrọ̀ ní Òkè-Baálẹ̀, Òṣogbo. Ọkùnrin kan fẹ́ ta ọmọ kéréfíṣì ńlá ilẹ̀ Ọsirélíà fún mi, ẹran odò tí ó ní ọwọ́ ńlá méjì bíi ti akàn, kì í ṣe edé gbígbẹ tí a ń pè ní kéréfíṣì lọ́jà. Ó ní wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán láyé, àti pé ẹni tó bá ń sìn wọ́n ń gbà wọ́n là. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé edé tiwa náà ń tán lọ ni?

Ìdáhùn: Ẹ̀yin nìkan kọ́ ni ẹ ti bi mí ní irú èyí, nítorí náà n óò sọ ọ́ láìfepobọyọ̀: ẹ má rà á.

Edé odò tiwa tí ó tóbi jù, Macrobrachium vollenhovenii, kò tíì sí nínú ewu àkúrun ní ìwọ̀n IUCN, àjọ àgbáyé tí ó ń ṣe ìwé àwọn ẹ̀dá tí ó wà nínú ewu, àmọ́ kì í ṣe kéréfíṣì rárá. Kò sí kéréfíṣì odò kankan tí ó jẹ́ ti ìbílẹ̀ lórí ilẹ̀ Áfíríkà, àfi ní erékùṣù Madagásíkà.

Èyí tí ó ṣọ̀wọ́n tí ọkùnrin náà ń fi ṣe ìpolówó ni Astacopsis gouldi, tí kò sí níbòmíràn ju àwọn odò apá àríwá erékùṣù Tasmania ní Ọsirélíà lọ. IUCN kà á mọ́ àwọn tí ó wà nínú ewu àkúrun, òfin ibẹ̀ sì ti ka pípa rẹ̀ léèwọ̀ láti ọdún 1998. Abo rẹ̀ ń lò tó ọdún 14 kí ó tó lè yé ẹyin. Ta ni yóò dúró de irú ẹran bẹ́ẹ̀ nínú pọ́ńdì, nígbà tí àrọ̀ ń tó tà láàárín oṣù mẹ́fà? Èmi kò fojú rí ohun tí ó ń tà, n kò sì lè búra, ṣùgbọ́n bí ó bá wá láti Ọsirélíà lóòótọ́, Cherax quadricarinatus, irú kéréfíṣì Ọsirélíà mìíràn tí wọ́n ń sìn káàkiri ayé, ni mo fura sí.

Irọ́ tí ó ń bí mi nínú jù ni pé sísin kéréfíṣì àjèjì ń gba èyí tí ó ṣọ̀wọ́n là, nítorí pé òdìkejì rẹ̀ gan-an ni ó ti ṣẹlẹ̀. Ní àwọn ọdún 1970, wọ́n kó kéréfíṣì Amẹ́ríkà kan wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti máa sìn. Ó jáde kúrò nínú pọ́ńdì, ó bọ́ sínú odò, ó sì kó àrùn kan dání tí kì í sábà pa òun fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n tí ó ń pa kéréfíṣì ìbílẹ̀ ibẹ̀ run, títí tí ìyẹn náà fi wọ ìwé àwọn tí ó wà nínú ewu. Ní Áfíríkà níbí, ọdún 1970 ni wọ́n da irú mìíràn láti Amẹ́ríkà sínú adágún Naivasha ní Kẹ́ńyà, Cherax tí mo dárúkọ sì ti wà nínú àwọn odò Zambia báyìí. Àwọn ẹran yìí ń fẹsẹ̀ rìn lórí ilẹ̀. Bí òjò bá kún pọ́ńdì yín ní Òkè-Baálẹ̀, ọ̀nà Odò Ọ̀ṣun kò jìn sí wọn, bí wọ́n bá sì ti débẹ̀, kò sí ẹni tí yóò lè kó wọn tán mọ́.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ kó ẹran omi àjèjì wọlé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹ̀ka ìjọba àpapọ̀ tí ó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹja àti lọ́wọ́ NAQS, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ó ń yẹ ohun ọ̀gbìn àti ẹran wò kí wọ́n tó wọ Nàìjíríà. Bí ẹ bá ti rà á ná, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dà á sódò tàbí sí gọ́tà: ẹ fi í sínú ike tí ó ní ìdérí, kí ẹ sì pe òṣìṣẹ́ ẹ̀ka ọ̀rọ̀ ẹja ti ìpínlẹ̀ kí ó wá wò ó.