Báwo la ṣe ń dá akọ Sirex noctilio mọ̀ yàtọ̀ sí akọ Sirex juvencus?

Ìwo tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tó wà lórí àwọn agbọ́n yìí ni kí o wò: ti akọ Sirex noctilio dúdú láti ìdí dé ṣóńṣó, ṣùgbọ́n ti akọ Sirex juvencus sábà máa ń pupa níbi ìdí kó tó di dúdú.

Agbọ́n tó ń yé ẹyin sínú igi páìnì ni wọ́n, a sì ń rí méjèèjì ní Yúróòpù. Akọ wọn jọra gan-an. Orí àti àyà wọn dúdú, ó ń dán bí aṣọ tó mu aró dáadáa. Àárín ikùn wọn ní àwọ̀ ọsàn. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn wọn nípọn, ó sì dúdú. Nítorí náà, àwọ̀ ikùn nìkan kò tó láti fi pinnu. Tí o bá rí àmì yẹ́lò lẹ́yìn ojú, tí ìwo náà sì yẹ́lò, Urocerus gigas, irú agbọ́n mìíràn, lo mú, kì í ṣe Sirex rárá.

Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì, nítorí Sirex noctilio máa ń pa páìnì tó ṣì wà láàyè. Wọ́n rí i ní Gúúsù Áfíríkà lọ́dún 1994.

Àwọ̀ ìwo juvencus kì í dọ́gba nígbà gbogbo o. Akọ kò sì ní ọ̀pá ìyẹ́yin tí a fi ń dá abo mọ̀. Tí ìwo bá rú ọ lójú, àyẹ̀wò DNA ló lè yanjú rẹ̀.