Ta ni Benjamin Adékúnlé, ọ̀gágun tí wọ́n ń pè ní "Black Scorpion"?

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀ jẹ́ ẹ̀yà Bachama ní Àríwá, Kàdúná sì ni wọ́n bí i sí ní 1936. Ó wọṣẹ́ ológun ní 1958, ó kẹ́kọ̀ọ́ ní Sandhurst, ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀gá ológun ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ogun abẹ́lé Nàìjíríà ló sọ ọ́ di ìlúmọ̀ọ́ká. Ní oṣù Keje 1967, ojú omi ni àwọn ọmọ ogun rẹ̀ gbà wọ Bonny. Ìyẹn ló jẹ́ kó sọ wọ́n ní Third Marine Commando. Wọ́n gba Calabar lóṣù Kẹwàá, wọ́n gba Port Harcourt lóṣù Karùn-ún 1968. Owerri ló wá dà á láàmú: ó gbà á lóṣù Kẹsàn-án, àmọ́ Biafra gbà á padà lóṣù Kẹrin 1969. Kò pẹ́ rárá tí wọ́n fi Ọbásanjọ́ rọ́pò rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá bi mí, òun ló ro oko, ẹlòmíì ló kórè. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ mú jù. Ọ̀pọ̀ ọmọ Ìgbò kò tíì gbàgbé ọ̀rọ̀ líle tó sọ sí àwọn tó fẹ́ kó oúnjẹ ìrànwọ́ wọ Biafra.

Ó fẹ̀yìntì ní 1974 gẹ́gẹ́ bíi Bìrìgédíà, ó sì kú lóṣù Kẹsàn-án 2014.