Ṣé a lè sọ ọmọ ní Cherry torí àgbálùmọ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Ọ̀rọ̀ orúkọ ọmọ ló fẹ́ da ilé mi rú báyìí. Oyún ìyàwó mi ti pé oṣù mẹ́jọ, skánì sì ti fi hàn pé obìnrin ni. Nígbà tí oyún yẹn ṣì kéré, àgbálùmọ̀ nìkan ló ń bá a lára mu, tí mo bá fi lè ti ibi iṣẹ́ dé lọ́wọ́ òfo pẹ́nrẹ́n, ìjà dé nìyẹn. Ó wá ní Cherry lòun máa sọ ọmọ òun, torí Cherry ni wọ́n ń pe àgbálùmọ̀ ní Warri níbi tóun dàgbà sí. Màámi gbọ́, wọ́n yarí kanlẹ̀, wọ́n ní àwọn ò lè máa fi orúkọ nǹkan tí wọ́n ń tà lórí àtẹ pe ọmọ ọmọ àwọn. Ẹ bá mi dá sí i, ṣé orúkọ èèyàn ni?
Bàbá Ìkókó, Òṣogbo

ÌDÁHÙN: Bàbá Ìkókó, ẹ kú wàhálà àgbálùmọ̀, àsọ̀kalẹ̀ àǹfààní o.

Ká má fọ̀rọ̀ gùn, Cherry ṣeé jẹ́. Ó ti pẹ́ tí àwọn òyìnbó ti ń jẹ́ ẹ, wọ́n ń jẹ́ Olive náà, ìyẹn èso ólífì, kò sí tíṣà tó máa lanu sílẹ̀ tó bá rí i nínú réjísítà. Tó bá jẹ́ Àgbálùmọ̀ gan-an lẹ fẹ́ kọ sórí sàtífíkéètì, ẹ̀yìn màámi yín ni mi ò bá wà. Àwọn òyìnbó tẹ́ ẹ rí yẹn náà, kì í ṣe gbogbo èso ni wọ́n ń gbà lórúkọ o. Nígbà tí Gwyneth Paltrow, òṣèré fíìmù, àti ọkọ rẹ̀ nígbà yẹn, Chris Martin olórin, sọ ọmọ wọn ní Apple ní 2004, àwọn èèyàn fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Ti Faransé tún le jùyẹn lọ, tọkọtaya kan fẹ́ sọ ọmọ wọn obìnrin ní Fraise, ìyẹn strawberry, ilé ẹjọ́ ní ìlú Valenciennes ní kò ṣeé ṣe, pé wọ́n máa fi ọmọ náà ṣẹ̀sín, ìròyìn ẹ̀ jà ràn-ìn ní 2015, Fraisine ni wọ́n padà sọ ọ́. Ní tiwa níbí, ẹbí ni kóòtù, màámi yín sì ti jókòó sórí àga adájọ́.

Ìyàwó yín ò kúkú ṣàdédé sọ̀rọ̀. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, ẹni tí wọ́n bí sójú ọ̀nà ń jẹ́ Abíọ́nà, ẹni tí wọ́n bí lásìkò ọdún ń jẹ́ Abíọ́dún, èyí tó bá òjò dé ń jẹ́ Béjídé, kí ló wá dé tí ẹni tó bá àgbálùmọ̀ wáyé ò lè ní tiẹ̀? Ibi tó kù sí ni pé Abíọ́nà ń sọ ìtàn ọmọ, ìtàn ọ̀nà ọ̀fun ìyá lèyí ń sọ.

Nǹkan míì tún wà ńbẹ̀. Ẹ wo nǹkan tí àwọn àgbà máa ń tò sílẹ̀ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, obì, orógbó, ataare, oyin, iyọ̀, omi, àwọn míì á fi ìrèké àti àádùn sí i. Kò síbi tí mo ti rí i tí wọ́n gbé àgbálùmọ̀ síbẹ̀, mi ò sì bá wọn wí, torí ta ló fẹ́ gbàdúrà pé kí ayé ọmọ òun rí bí àgbálùmọ̀? Ẹ̀ẹ́ mú méjì lórí àtẹ kan náà, àwọ̀ kan náà, ẹ̀ẹ́ tẹ̀ ẹ́ wò, ọ̀kan á dùn, ìkejì á sọ yín dolójú kan lójijì. Orógbó tí wọ́n fi ń wúre pàápàá, a kì í sọmọ ní Orógbó. Adùn ibẹ̀ la máa ń mú, la fi ní Oyindàmọ́lá, la fi ní Adùnọlá àti Adùnní.

Tí màámi bá jẹ́ oníṣọ́ọ̀ṣì, ẹ rọra rán wọn létí Támárì ọmọ Dáfídì nínú Bíbélì, igi dàbínò ni orúkọ yẹn lédè Hébérù, ọmọ ọba sì ni. (Ẹ má sọ pé èmi ni mo sọ ọ́ o, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n ka ìtàn ẹ̀ dé ìsàlẹ̀.)

Ohun tí màá ṣe tó bá jẹ́ ilé mi ni pé màá ní kí màámi mú orúkọ tiwọn wá, òun ni kẹ́ ẹ kọ ṣáájú, kí Cherry tẹ̀ lé e. Ẹ ṣètò ẹ̀ kẹ́ ẹ tó lọ gba sàtífíkéètì ìbí, torí bó bá ṣe wà níbẹ̀ náà ni NIN àti pásípọ́ọ̀tì máa bá a lọ, tẹ́ ẹ bá wá fẹ́ yí i padà lẹ́yìn náà, ó di kẹ́ ẹ máa wá afidáfíìtì ní kóòtù, kẹ́ ẹ tún sanwó fún ìwé ìròyìn. Lọ́jọ́ ìkómọ, ìyá àgbà á ju owó sínú abọ́ omi, wọ́n á sọ tiwọn, ìyàwó yín náà á ju tiẹ̀, á sọ tiẹ̀, kò sẹ́ni tó máa ní abọ́ ti kún.

Cherry tòyìnbó ò kúkú bá àgbálùmọ̀ tan rárá, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá fẹ́ sùn nílé yín, ẹ má sọ ìyẹn fún ìyàwó yín lásìkò yìí.